Aránṣọ Tó Ń Tún Mọ́tò Ṣe

Ọjọ́ tí mẹkáníìkì wo inú mọ́tò àbúrò mi tán, tó nu ọwọ́ rẹ̀ sára sòkòtò, tó sì dárúkọ iye tí yóò gbà, àbúrò mi kò bínú, kò sì dúnàádúrà. Ó kàn bi í léèrè bóyá mọ́tò nìkan ló fẹ́ tún ṣe, àbí yóò bá wa kun ilé mọ́ ọn. Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ òdodo fún ara wa, mọ́tò yìí ti dàgbà. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àbúrò mi dúró ti mọ́tò náà fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pẹ̀tù sí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú, ó wá gbójú sókè wo fèrèsé mi, nítorí ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "èmi fúnra mi ni n ó tún un ṣe."

N kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ̀ mí yóò mọ̀ pé ìyẹn kò wọ́pọ̀.

Aránṣọ ni àbúrò mi. Kóòtù àti sòkòtò ọkùnrin ló ń rán, ó sì mọ̀ ọ́n rán débi pé ẹni tí ikùn rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ wọ yàrá yóò wọ kóòtù rẹ̀ tán, yóò wo dígí, yóò sì rò pé òun ṣì jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Yàrá iwájú nísàlẹ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ẹ̀yìn ìsọ̀ náà. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì ti kó lọ sílé tiwọn. Èmi, tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ọkọ mi sì ti ṣaláìsí, ni mò ń gbé òkè. Fèrèsé mi dojú kọ àgbàlá àti gáréèjì. Èmi kì í yọjú sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀ o. Ibi tí wọ́n lu fèrèsé sí ni.

Ní ti mọ́tò ọ̀hún, spọ́ọ̀tì-káà ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn gbálẹ̀. Pupa ni. Aṣọ ni òrùlé rẹ̀, èèyàn lè ká a sẹ́yìn bí atẹ́gùn bá ń wù ú. Ìjókòó méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ìjókòó méjì yẹn, nítorí ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí èmi ti fi ọkàn sí i. Àbúrò mi rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, tí kò mọ ibi tí yóò kó wọn sí. Nígbà náà ló ń fẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ́nà. Ilé àwọn nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin náà ń gbé, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n sì máa ń ti géètì ibẹ̀ pa. Mọ́tò yìí ló fi ń gbé e sáré padà kí wọ́n tó tì í.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọ́n bímọ, mọ́tò náà kò fi ìjókòó kún ìjókòó. Bí wọ́n bá fẹ́ jáde, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ sí, èmi àti àwọn ọmọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ó máa juwọ́. Tí mo bá ní kí wọ́n gbé mi dé ibì kan, àbúrò mi yóò ní kí n má ṣèyọnu, òun yóò padà wá gbé mi. Àwọn ọmọ yẹn ti di ìyá ọmọ àti bàbá ọmọ báyìí. Kò tíì padà wá gbé mi.

Ìyàwó wa ńkọ́? Inú yàrá iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni nọ́ọ̀sì tó máa ń dúró ti dókítà. Dókítà yóò na ọwọ́ láìwo ẹ̀yìn, ìyàwó wa yóò sì gbé irin tó yẹ lé e. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni kí ó máa ka nǹkan. Kí wọ́n tó la èèyàn, yóò ka ọ̀bẹ, yóò ka àlùmọ́gàjí, yóò ka gbogbo òwú tí wọ́n fẹ́ fi fa ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n tó rán an padà, yóò tún gbogbo rẹ̀ kà. Iye tó wọlé gbọ́dọ̀ bá iye tó jáde dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé, títí kan dókítà. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé bí a bá jẹun tán nílé yìí, yóò ka ṣíbí. Mo rò pé ó máa ń ka àwa náà.

Òun ló kọ́kọ́ pe mọ́tò náà ní orogún rẹ̀. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún mẹ́fà sẹ́yìn tí mọ́tò náà kọ̀ tí kò rìn mọ́, ó kàn jókòó sínú gáréèjì, àbúrò mi ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ìyàwó wa ń gbé báàgì rẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀ láràárọ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀rín náà ń dín kù. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó ń bá mọ́tò náà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ sáà jókòó síbẹ̀, kí wọ́n máa nù ọ́."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí àkókò ìfẹ̀yìntì ìyàwó wa dé. Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀ ni yóò parí iṣẹ́. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́ sọ gáréèjì di yàrá kékeré kan tí àwọn ará àdúgbò yóò ti máa wá yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò, tí yóò ti máa bá wọn wẹ egbò, tí yóò máa kìlọ̀ fún wọn nípa iyọ̀. Ó ti wọn ibi tí tábìlì yóò wà. Téèpù ọkọ rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Àbúrò mi rí i tó ń wọ̀n, ọkàn rẹ̀ sì fò, nítorí ọjọ́ kejì ni ó lọ pe mẹkáníìkì.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mẹkáníìkì dárúkọ owó, wọ́n jókòó sí ilé ìdáná, èmi náà sì wà níbẹ̀, torí mo wá tọrọ ìṣáná. Ìyàwó wa ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti rò ó dáadáa.

"Dádì, mọ́tò yẹn ló gbé mi wá sílé yìí," ó ní. "Tó bá lè gbé mi dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá parí, tí ẹnì kankan kò tì í, kó máa gbé inú gáréèjì ẹ̀ títí ayé, n ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi ọmọ ìka kan ṣoṣo tì í, kó kó jáde, kí n kó wọlé."

Àbúrò mi ní ó dáa. Wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Mo gbà kíákíá, nítorí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sí iṣẹ́ tó wù mí tó ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ní. Ó ní owó tí mẹkáníìkì ì bá gbà, òun yóò fi pamọ́. Lọ́jọ́ kìíní, ó fi díẹ̀ lára rẹ̀ ra jáàkì. Lọ́jọ́ kejì, ó ra àpótí sípánà. Lọ́jọ́ kẹta, ó ra iná kan tí wọ́n ń so mọ́ orí bí ẹni ń wa kùsà. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo owó tó fi pamọ́ ti wà lára ògiri gáréèjì, ó fi ìṣó gbé wọn kọ́ láti orí èyí tó tóbi jù dé orí èyí tó kéré jù. Mo bi í pé èló ló ṣẹ́ kù nínú ohun tó fi pamọ́. Ó ní kí n má dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ ò bá rí i bó ti ń ṣiṣẹ́. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì wà ní àpò àyà rẹ̀, ó fi ń sàmì sára ẹ́ńjìnnì bí ẹni fẹ́ gé e. Inú agolo tó ń kó bọ́tìnnì sí ló ń kó nọ́ọ̀tì sí, agolo tí a kọ "ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀" sí lára ni àwọn nọ́ọ̀tì táyà wà. Bó bá fẹ́ wo abẹ́ mọ́tò náà, yóò kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, yóò tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò wò ó láti òkè délẹ̀. Mo mọ ìwò yẹn. Bó ṣe ń wo oníbàárà tí èjìká kan ga ju èkejì nìyẹn.

Òrùlé ló kọ́kọ́ mú ṣe. Ó ti ya sí ọ̀nà mẹ́ta, òjò sì ti mú kí etí rẹ̀ máa rà. Àbúrò mi tú u kalẹ̀, ó fi bébà gé àwòrán rẹ̀, ó gé aṣọ tuntun tó nípọn, ó sì fi ọwọ́ rán an fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó gbé e lé e, kò sí ibi tó fún jù, kò sí ibi tó dẹ̀. Èmi tí mo ti múra láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọwọ́ tọ ojú ìránṣọ rẹ̀, inú mi sì dùn pé ọmọ ìyá mi ló ṣe é. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bóyá mo fẹ́ yáwó ni.

Ṣùgbọ́n mọ́tò kì í fi òrùlé sáré.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tó kan ẹ́ńjìnnì, ibi tó sì ti wá ni iṣẹ́ tí àbúrò mi ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá ti rán kóòtù rí yóò mọ̀ pé aránṣọ gidi kì í rán aṣọ pinpin lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ fi òwú gígùn so ó pọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, yóò ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín, onítọ̀hún yóò wá wọ̀ ọ́ wò, yóò gbé apá sókè, yóò jókòó, yóò dìde. Lẹ́yìn tí aránṣọ bá ti rí bó ṣe bá a mu ni yóò wá rán an pinpin. Nítorí náà ni gbogbo àwọn oníbàárà àbúrò mi ṣe ń pè é ní Ọ̀gá Fẹ́ẹ́rẹ́. "Ẹ jẹ́ ká so ó fẹ́ẹ́rẹ́ ná" ló wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó sì ṣe tún mọ́tò náà tò nìyẹn. Gbogbo nọ́ọ̀tì tó dá padà, ọwọ́ lásán ló fi yí i, fẹ́ẹ́rẹ́, ó fi èyí tó kù sílẹ̀ di ọjọ́ tí wọ́n bá wọ̀ ọ́ wò.

Èyí nìkan kọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó wa ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí nọ́ọ̀tì márùn-ún lórí pèpéle. Ó dúró. Ó bèèrè ibi tí wọ́n ti wá.

"Wọ́n ṣẹ́ kù ni," àbúrò mi ní.

Ẹ̀yin ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ìgbéraga ló wà níbẹ̀. Láyé aránṣọ, bí wọ́n bá kó aṣọ fún ọ tí o sì gé e débi pé ó ṣẹ́ kù, ọgbọ́n ni, wọn yóò máa ròyìn rẹ káàkiri. Ṣùgbọ́n ìyàwó wa jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní níbi iṣẹ́ tòun, bí nǹkan bá ṣẹ́ kù báyìí, èèyàn náà ni wọn yóò tún là. Ó wọlé, kò jẹun títí di alẹ́. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní nọ́ọ̀sì ò mọ aṣọ gé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì mo rí i tó tún ẹ́ńjìnnì náà tú, ó sì wá ilé fún nọ́ọ̀tì márààrún.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì náà, ó yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó gbà. Ó kọ́kọ́ wúkọ́, ó tu èéfín dúdú sára aṣọ tí mo sá, ó wá ń dún. Àbúrò mi wà á yí àgbàlá ká, ó wà á jáde sójú títì dé ìgun kọ́nà, ó wà á padà. Èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú garawa. Mo he dígí ẹ̀gbẹ́. Mo he nọ́ńbà ẹ̀yìn. Sàlẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, gbóná, n kò lè he é, mo fi ẹsẹ̀ tì í sí ẹ̀gbẹ́ títì kí wọ́n má gùn ún. Nígbà tí mo gbé garawa náà síwájú rẹ̀, kò tijú rárá. Ó ní ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ wò.

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́. Mo ní kó de táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin lójú mi. Ó ní kò tíì tó àsìkò. Mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ mi kan sọ́wọ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ó ti mọ bàtà yẹn láti kékeré. Ó dè wọ́n. Ó tún de gbogbo ohun tó wà nínú garawa padà sí àyè wọn. Èyí tí kò jábọ́ ni kò fọwọ́ kàn. Mo bi í léèrè ìgbà tí yóò de ìyókù. Ó ní tí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́ wò. Mo ní ta ló tún fẹ́ wọ̀ ọ́ wò nígbà tí òun ti wà á? Ó ki orí bọ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Bọ́ọ̀sì ni èmi wọ̀ lọ sí ọsibítù. Ìyàwó wa ló ní kí n wá, nítorí wọn yóò fún un ní ẹ̀bùn, mọ́tò orogún rẹ̀ kò sì ní ibi tí wọ́n ń kó nǹkan sí. Ìkòkò òdòdó kan ni wọ́n fún un, àti kẹ́tùlù, àti aago ńlá kan tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, obìnrin tó ń gbá ilẹ̀, àní dókítà àgbà tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré, gbogbo wọn ló sìn ín dé ẹnu géètì. Ìyàwó wa wà láàárín wọn nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti lọ̀ pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, ó ń wo ojú títì. N kò mọ èyí tó ń gbàdúrà fún, bóyá kí mọ́tò náà dé ni tàbí kó má dé. Mo rò pé òun náà kò mọ̀.

Ó dé. Òrùlé ti ká sẹ́yìn, ara rẹ̀ ń dán, àbúrò mi wọ kóòtù tó rán fún ara rẹ̀. Ẹnu gbogbo ènìyàn ló là sílẹ̀. Ó wọ orí gegele tí wọ́n fi ń dín eré kù lẹ́nu géètì náà, mọ́tò náà fò sókè, ó balẹ̀ gbì, ó dúró. Ó pa á, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí lọ síhà kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn fún ìyàwó rẹ̀ bí ó ti ń ṣe nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra sọ́nà. Ìyàwó wa wọlé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àbúrò mi padà sídìí sítíárì, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Kò sí ohun tó dún. Ó tún un yí. Kò dún.

Àtẹ́wọ́ náà tán. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń ti bẹ́ẹ̀dì bọ́ síwájú, wọ́n ní ẹ jẹ́ káwọn tì í. Àbúrò mi gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Òógùn ti bò ó lójú. Èmi tí mo ti fi í ṣe ẹ̀sín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọkàn mi bàjẹ́ débi pé mo gbé ìkòkò òdòdó kalẹ̀. Mo wo ìyàwó wa. Kò sí nǹkan tó yẹ kó ṣe ju kó jókòó jẹ́ẹ́. Gáréèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di tirẹ̀.

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgúnpá, ó sì ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí wò ó láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, ètè rẹ̀ ń mì. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń kà. Nígbà tó dé ibi bátìrì, ó dúró. Orí wáyà tó yẹ kó gbá bátìrì mú kàn jókòó lé e lásán ni, gegele ẹnu géètì ti gbé e sókè.

"Dádì, èyí ò dè," ó ní.

"Mo mọ̀," ni àbúrò mi fèsì. Ó ti wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ mọ̀? Kí ló wá dé tí ẹ ò dè é?"

Àbúrò mi wo bàtà rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé ó ti gbàgbé pé a wà níbẹ̀.

"A kì í dè é pinpin kí ẹni tó ni ín tó wọ̀ ọ́ wò, Nọ́ọ̀sì," ó ní. "Mò ń retí kí o jókòó sí i ná."

"Ẹni tó ni ín?"

"Ìwọ ni. Torí géètì aago mẹ́sàn-án yẹn ni mo ṣe rà á. Èmi aránṣọ, kí ni n ó fi eré sísá ṣe?"

Ìyàwó wa yíjú padà sí mọ́tò náà. Ó wo inú ẹ́ńjìnnì náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, láìwo ẹ̀yìn, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo àwọn ará yàrá iṣẹ́ abẹ mọ ọwọ́ yẹn. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi ń gbé irin lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kò sí ẹni tó gbé e lé tirẹ̀ rí. Àbúrò mi yọ nǹkan ní àpò àyà, ó gbé e lé e. Ṣọ́ọ̀kì ni. Ìyàwó wa dá a padà láìwò ó. Ó tún na ọwọ́. Sípánà ló bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó de orí bátìrì náà pinpin, ó dá sípánà padà fún un, ó sì ní kó lọ yí kọ́kọ́rọ́.

Ó dún. Dókítà àgbà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Omi bọ́ lójú mi, mo fi aago bo ojú. Nígbà tí mo máa fi gbé aago kúrò, wọ́n ti lọ, ìjókòó méjì, èèyàn méjì, ó wá ku èmi, òdòdó, kẹ́tùlù àti aago lẹ́nu géètì. Bọ́ọ̀sì méjì ló kún kọjá kí ẹ̀kẹta tó gbà mí.

Nígbà tí mo dé ilé, mọ́tò náà ti wà nínú gáréèjì. Àwọn méjèèjì dúró níwájú rẹ̀, ó hàn pé èmi ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń dúró dè. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bi mí bóyá mo rí ẹni tó fi ọmọ ìka kan tì í. Mo ní n kò rí. Ó ní ṣé ó dé ilé? Mo ní ó dé. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

"Ó ti parí," ìyàwó wa ní. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi rántí. Lẹ́nu géètì, níwájú gbogbo èèyàn, ta ni Dádì ní ó ni mọ́tò yìí?"

Mo ní òun ni.

"Ẹ ṣeun. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo ni ín, èmi ni n ó sọ ibi tó máa sùn. Ìta ló máa sùn láti òní lọ. Dádì, ẹ bá mi gbé e jáde, mo fẹ́ gbálẹ̀."

Àbúrò mi yíjú sí mi kíá. Ó wò mí kí n gbà á sílẹ̀. Mo ní ẹlẹ́rìí kì í purọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ó sì gbé mọ́tò ìyàwó rẹ̀ jáde sábẹ́ fèrèsé mi. Lẹ́yìn náà ló lọ mú téèpù àti aṣọ tó nípọn wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí wọn mọ́tò náà yíká, kí ó lè rán ìbora tí òjò kò fi ní pa á. Ìyàwó wa yọjú láti inú gáréèjì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kó so ó fẹ́ẹ́rẹ́ ná, òun ń bọ̀ wá wò ó.

Tábìlì ìfúnpá ti wà ní gáréèjì báyìí. Aago ọsibítù wà lára ògiri, láàárín àwọn sípánà. Ìyàwó wa ń ka àwọn sípánà náà láràárọ̀, mo sì gbọ́ pé wọ́n pé.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ẹtì náà, ìyàwó wa wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó dúró sábẹ́ fèrèsé mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ." Mo ti wọ bàtà tèmi láti àárọ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Mo jókòó. Ìjókòó náà rẹlẹ̀, mo rò pé ilẹ̀ ni mo jókòó lé, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó hàn lójú mi. Àbúrò mi jáde láti ìsọ̀, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ó bèèrè ibi tí à ń lọ, ó ní òun náà fẹ́ ra òwú. Ìyàwó wa fi ọwọ́ hàn án pé ìjókòó méjì ló wà.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́. Mo sọ fún un pé kó má ṣèyọnu, a ó padà wá gbé e.